Ẹyẹ Orí Aṣọ Màámi

Ọyẹ́ mú gan-an, ìbora kan ṣoṣo tí ìyá Fẹ̀hìntọlá ní sì ti gbó. Fẹ̀hìntọlá jókòó tì í, ó ń rán ìrépé aṣọ pọ̀ fún un. Ó ń tú ẹyẹ tó fi òwú rán sí àárín rẹ̀, ó ń tún un rán kó lè lẹ́wà.

"Ọmọ mi, òtútù ń pa mí. Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣe sùúrù, Màámi. Ìyẹ́ rẹ̀ ló kù. A kì í fi àbọ̀ iṣẹ́ bo òbí."

"Ṣé ẹyẹ ni yóò bò mí ni?"

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín, ó ń rán an lọ. Nígbà tó já òwú tán, ó ní, "Màámi, mo ti parí ẹ̀ o." Ó fọwọ́ kan ìyá rẹ̀: ara rẹ̀ ti tutù, kò mí mọ́.

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Síbẹ̀, Fẹ̀hìntọlá ń fi aṣọ náà wé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó móoru.