Ìdí Tí Àgùàlà Kì Í Fi Pẹ́ Lójú Ọ̀run

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn ṣì lè tẹjú mọ́ Oòrùn kí omi má dà lójú rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni Oòrùn í ṣe. Ìkòkò ló ń mọ. Iná tó fi ń sun ìkòkò náà kò ju iná ìdáná lọ púpọ̀, pápá kan tó jìnnà díẹ̀ sí agboolé rẹ̀ ló sì ti máa ń dá a.

Ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì lónìí, ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan pupa bí epo. Ọ̀kan sanra ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀kan kò jẹ́ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ láéláé. Títí dòní, ẹni tó bá ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ náà tó yí i ká. Ayé wa yìí náà wà láàárín wọn, ọmọ tí kì í dákẹ́ ariwo. Àgùàlà ni àgbà wọn, arẹwà ni. Òṣùpá ni àbíkẹ́yìn, ara rẹ̀ kò sì le.

Ẹ̀yìn Àgùàlà ni Òṣùpá ń sùn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ta ni ìyá rẹ̀, Àgùàlà ló máa ń nàka sí. Oòrùn á rẹ́rìn-ín títí, á ní òun gbà.

Lọ́jọ́ kan, Oòrùn lọ sun ìkòkò. Kò pẹ́ tó lọ ni òtútù mú Òṣùpá, ló bá ń gbọ̀n. Àgùàlà sáré sí ìdí ààrò kó lè dáná fún un. Omi òjò àná ti jò láti òrùlé, ó ti pa iná.

Láyé ìgbà náà, kò sí ìṣáná. Ẹni tí iná rẹ̀ bá kú, àpáàdì ni yóò mú dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní iná, wọn yóò sì bu ẹyín iná sórí rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá wá mú iná kì í jókòó. Kì í gba omi mu, kì í sì í kí ènìyàn pẹ́, torí ẹyín iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àgùàlà fi ọmọ sílẹ̀ fún Ayé àti àwọn àbúrò yòókù, ó mú àpáàdì, ó di pápá.

"Ìyá, òtútù ń mú Òṣùpá! Iná ilé ti kú!"

Oòrùn wo ìkòkò tó wà nínú iná. Bí amọ̀kòkò bá fi iná sílẹ̀ nírú àkókò yẹn, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sán. Ó bu ẹyín iná tó pọ́n dáadáa sórí àpáàdì.

"Ọmọ mi, máa sáré lọ. Bí mo bá ti yọ ìkòkò tán, mo ń bọ̀. Má jókòó lọ́nà o!"

"Èmi kẹ̀? Mi ò ní jókòó, Ìyá."

Lójú ọ̀nà, àwọn ìràwọ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń dirí fún ara wọn.

"Àgùàlà arẹwà! Irú orí wo lo gbé kiri báyìí? Wá, ká dì í fún ọ."

"Iná ni mo wá mú. Ara àbúrò mi kò yá."

"Ẹyọ kan péré, iwájú orí nìkan. Kò ní pẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì bínú sí i. Ta ni wọ́n pè ní arẹwà tí kò bojú wẹ̀yìn? Ó gbé àpáàdì sílẹ̀, ó jókòó. Wọ́n di ọ̀kan, ó dára. Wọ́n di òmíràn. Nígbà tó yá, ìdajì orí ti di dídì, ìdajì kejì rí jágajàga. Ta ló fẹ́ gbé irú orí bẹ́ẹ̀ wọ̀lú? Ó ní kí wọ́n kúkú parí rẹ̀.

Nígbà tó dìde, eérú funfun ló bá lórí àpáàdì. Ó fi ìka kàn án. Ó ti tutù.

Àgùàlà figbe ta, ó sáré padà sí pápá. Ìyá rẹ̀ ti yọ ìkòkò, ó ti gba ọ̀nà àbùjá lọ sílé. Àgùàlà bu iná tó kù nílẹ̀, ó sá eré tí kò sá rí láyé rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti bá Oòrùn, Òṣùpá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà funfun bí eérú àpáàdì, kò sì gbọ̀n mọ́.

"Ìyá, iná rèé," ni Àgùàlà wí.

Oòrùn wo iná. Ó wo irun tuntun tó wà lórí ọmọ rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò nà án, kò sì bú u. Ì bá sàn fún Àgùàlà ká ní ó nà án.

"Iná mi ló kéré," ni Oòrùn wí. "Ká ní ó tóbi ni, ooru rẹ̀ ì bá ti bá ọmọ mi nílé."

Ó gbé Òṣùpá lé Àgùàlà lọ́wọ́, ó padà sí pápá. Ó kó igi sí iná, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń sunkún. Ó kó gbogbo igi tó wà nínú igbó sí i. Iná ràn mọ́ aṣọ rẹ̀, kò bọ́ ọ. Iná ràn mọ́ ọn lára, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni iná, èwo ni ìyá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi!" ló ń ké. "Òtútù kò gbọdọ̀ pa ọmọ mi kankan mọ́!"

Wọ́n fẹ́ súnmọ́ ọn, ooru kò jẹ́. Wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n ń sunkún. Àwọn kan sá jìnnà débi pé òtútù tí ìyá wọn ń lé fún wọn ló bá wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tó lè fi ìyá sílẹ̀ lọ. Wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò sì lè kúrò. Ni wọ́n bá ń yí i po.

Àgùàlà gbé iná tó mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣùpá. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀.

"Òṣùpá! Òṣùpá, dá mi lóhùn!"

Kò dáhùn. Iná kú, ojú náà sì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n Àgùàlà ti rí ìmọ́lẹ̀ lójú àbúrò rẹ̀, kò sì gbà pé ó ti tán. Ó tún mú àpáàdì.

Ayé, aláriwo, ló rọra sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e fún mi. Ẹ lọ mú iná wá, èmi á máa pọ̀n ọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni Ayé ti ń pọn Òṣùpá kiri, tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni a kì í ti í tẹjú mọ́ Oòrùn, nítorí a kì í wo ojú ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Láti ọjọ́ náà náà ni Àgùàlà kì í ti í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà mìíràn ní ìdájí, pẹ̀lú iná tó ń tàn yòò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i láàárín òru. Iná yẹn á mọ́ lójú Òṣùpá díẹ̀díẹ̀ títí ojú náà á fi kún, Àgùàlà á sì rò pé ọmọ ti jí. Lẹ́yìn náà, iná á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú, Àgùàlà á sì tún sáré lọ mú òmíràn.

Àwọn ènìyàn máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, wọ́n á ní ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí i ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ má sọ fún un pé ó lẹ́wà, ẹ má sì ní kó jókòó.