Adìẹ Tó Lé Ọmọ Rẹ̀ Sójú Àṣá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rọ̀ lójú ọ̀run, ó já wálẹ̀ fàà, ó dá lórí Adìẹ Òkòkó àti Àṣá kékeré kan.

Adìẹ kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jáde. Ó wòkè, ó rí Àṣá. Àṣá yìí kò ju ìkúùkù mi yìí lọ. Ó dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, apá rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

Ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo orí ọ̀pẹ, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Òkòkó, ṣé èyí náà lẹ̀ ń sá fún? Ṣé òun ni yóò gbé yín, àbí ẹ̀yin lẹ máa gbé e?"

Fàà! Àṣá gbé tata.
Ẹ̀gà ní, "Tata! Ọdẹ ńlá!"
Fàà! Àṣá gbé aláǹgbá.
Ẹ̀gà ní, "Ṣé ó ti yó báyìí?"
Fàà! Àṣá gbé Ẹ̀gà.
Ẹ ní kí ni Ẹ̀gà sọ? Kò sọ nǹkan kan.

Orí ọ̀pẹ pa lọ́lọ́. Ìyẹ́ kan ṣoṣo rọra bọ́ síwájú Adìẹ. Ẹnu Adìẹ kò padé mọ́. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!"

Ó sáré lọ bá Àwẹ̀ró, aláró tó ń sìn ín. "Ìyá mi, ẹ gba àwọn ọmọ mi!"
"Fọkàn balẹ̀. Bí a bá pa wọ́n láró, àṣá kò ní mọ̀ wọ́n."

Ó ri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú aró, bí gbogbo agbo ilé ti ń ṣe. Wọ́n jáde, wọ́n dú bí ìdí ìkòkò. Lóòótọ́, Àṣá wò wọ́n títí, kò mọ̀ wọ́n.

Adìẹ náà kò mọ̀ wọ́n.

"Ọmọ ta nìyí? Ẹ jáde lábẹ́ apá mi jàre!" Ó sọ wọ́n lórí kó, kó, kó, ó lé wọn sí gbangba. Ni wọ́n bá fi orin sẹ́nu:

Òkòkó ìyá wa, ṣí apá o!
Kíyẹ́, kíyẹ́!
Aró la wọ̀, a ò pààrọ̀!
Kíyẹ́, kíyẹ́!
Òjìji kan ń bọ̀ lórí wa!
Kíyẹ́, kíyẹ́!

Adìẹ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Àṣá náà gbọ́ ohùn ọmọ adìẹ.

Adìẹ ṣí apá. Ọ̀kan wọlé. Èkejì wọlé.

Fàà!

Àwẹ̀ró dúró síbẹ̀, aró ń kán tó, tó, tó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ààlọ́ mi wí nìyí: ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọ̀tá kékeré rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń fi ọmọ yín pamọ́ fún ọ̀tá, ẹ má fi í pamọ́ fún ara yín.