Ààlè tí Ìjàpá So sí Ọ̀nà Ìsun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ẹní, ta ló ni omi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ mú un dání ná.

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó wọ́ jẹ́jẹ́, ó dé ẹnu ìsun, ó bá Ìgbín àti Ìjàpá níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú nínú igbó. Gbogbo odò gbẹ. Ìsun kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ àpáta, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹranko ti ń mumi. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́run ló fi síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ààlè lójú ọ̀nà tí àwọn ìgbín ń gbà lọ síbẹ̀: àkísà pupa, àlòkù ìgbálẹ̀, àti ìkarahun ìgbín tó ṣófo, tí wọ́n fi màrìwò so pọ̀. Ẹ mọ ààlè. Ẹni tó bá ni nǹkan ló ń fi í lé e, kí olè má baà mú un. Ìjàpá dúró tì í, ó wúkọ́.

"Ọba Kìnnìún ló ní kí n so ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àyà wọ́, itọ́ yín ń ba omi jẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ débí mọ́."

Ẹtu gbọ́, ó mumi tirẹ̀, ó lọ. Ọ̀bọ gbọ́, ó họrí. Ọ̀rọ̀ náà ò kàn wọ́n.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìjàpá tọ àwọn ìgbín lọ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí wọ́n ń gbé. "Ẹ̀yin ará mi, àánú yín ṣe mí. Èmi náà ń gbé ilé mi sẹ́yìn bíi tiyín. Màá máa bu omi wá fún yín, ewé kan láràárọ̀. Ẹ ṣáà máa kó àgbálùmọ̀ tó bá já bọ́ fún mi."

"Gbogbo ẹ̀?" ni Ìgbín kan tó jẹ́ opó bèèrè.

"Ṣé omi ò ju àgbálùmọ̀ lọ ni?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjàpá ń sanra. Àwọn ìgbín ń gbẹ. Opó yìí ní ọmọ kan, Àwẹ̀ró. Òùngbẹ gbẹ ọmọ náà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan funfun bí ẹfun dí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, bí ìgbín ti í ṣe nígbà tí omi bá tán lára rẹ̀. Bó bá dí i tán tí omi ò dé, kò ní í ṣí i mọ́.

"Àwẹ̀ró," ni ìyá rẹ̀ wí, "gbọ́ mi kí o tó tilẹ̀kùn. Mo ṣèlérí fún ọ: ẹnu ara rẹ ni wàá fi mu omi ìsun yẹn."

Àwọn ará ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àwẹ̀ró! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi odindi ọjọ́ kan kọjá gbòǹgbò igi, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá ọba ṣẹjọ́?"

Opó náà kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọ́ lọ síbi ààlè. Ó gbójú sókè wo ìkarahun náà. Ó wò ó títí. Etí ìkarahun náà fọ́ díẹ̀, lápá òsì.

"Yéè! Ìyá mi rèé!"

Ìkarahun ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Ìjàpá ló wá tọrọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, pé òun fẹ́ fi bu epo, kò sì dá a padà.

Ó já ìkarahun náà. Omi ń sun níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án. "Ìyá mi ni mo mú," ó wí, "mi ò mú omi." Ó gbé e lé ẹ̀yìn, ó kọrí sí ààfin. Ẹ bá mi gbè é o:

Mo ń lọ sọ́dọ̀ ọba. Jẹ́jẹ́!
Omi ni mo ń wá, n ò wá ìjà. Jẹ́jẹ́!
Bí mo bá pẹ́, màá dé. Jẹ́jẹ́!

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ́. Ó dé.

"Ààlè wo?" ni Kìnnìún bú ramúramù. "Èmi ò rán ẹnikẹ́ni!" Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá, ó sì pe gbogbo ẹranko jọ.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ojú mi ò rí ìkarahun yìí rí. Àwọn afàyàfà yìí, wọ́n mọ irọ́ pa!"

"Kábíyèsí," ni Ìgbín wí pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Epo tó fi bù ṣì wà níbẹ̀."

"Irọ́!" Ìjàpá fò sókè. "Mo ti fọ̀ ọ́ tónítóní kí n tó so ó!"

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

Kìnnìún ní, "Ẹni tó fi ààlè lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, òun gan-an lolè. Ìjàpá, ìwọ ni wàá máa pọnmi fún àwọn ìgbín títí òjò yóò fi dé. Ìgbín, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ìgbín na ìwo rẹ̀ méjèèjì. "Kí adé pẹ́ lórí. A ò ní kí wọ́n pọnmi fún wa. Ọ̀nà wa ni kí wọ́n dá padà. Ọjọ́ tí ẹni tó ń pọnmi fún wa bá sùn lọ, òùngbẹ á pa wá. Ẹ kéde rẹ̀ lẹ́nu ìsun, kí Ẹtu gbọ́, kí Ọ̀bọ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé òun ò gbọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ọ̀bọ. Ojú ti Ẹtu, ó lóṣòó. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ gun ẹ̀yìn mi, ká tètè délé."

Kìnnìún kéde rẹ̀ lẹ́nu ìsun: "Omi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ààlè lé e!" Ìgbálẹ̀ ara ààlè yẹn gan-an ni Ìjàpá fi gbá ẹ̀gún kúrò lọ́nà àwọn ìgbín, láti abẹ́ àgbálùmọ̀ títí dé ìsun, tó ń ráhùn bó ti ń gbá a.

Ìdí àlọ́ mi rèé: òfin tí ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín, ẹ má kàn bẹ̀rù rẹ̀, ẹ lọ bèèrè. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, ẹ má gbà á bí ọrẹ àánú. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ò sì kàn, ẹ má kàn mumi tiyín kí ẹ máa lọ.

Àwẹ̀ró ńkọ́? Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, ó ku ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, jẹ́jẹ́, lójú ọ̀nà tí wọ́n gbá. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ìsun. Omi tutù kan ilẹ̀kùn funfun náà, ó rọ̀, ó ya. Àwẹ̀ró yọrí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ mumi.