Ayélàágbé Ọ̀mọlé àti Igun Ilé Tó Wà Lórí Kòtò

Ní ilé tiwa, kí á tó sọ ìtàn yìí, a máa ń ta omi tútù sílẹ̀ díẹ̀, a ó sì wí pé: "Ìkánjú kì í mú amọ̀ gbẹ, ìbínú kì í mọ ilé." Èyí ni owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sọ fún Ayélàágbé, ọ̀mọlé ìlú Ìdóṣẹ̀, nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìbàdí. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jókòó níwájú àtẹ owó ẹyọ mi, síbẹ̀ ó ṣì ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Ṣówándé ló ni ilé náà. Oníṣòwò obì ni, ó sì ti lo ogún ọdún lẹ́yìn odi, kò padà wálé títí ìyá rẹ̀ fi di arúgbó. Ó fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ fún ìyá náà, kí ó lè wọ inú rẹ̀ kí òjò tó dé. Òun àti Ayélàágbé jọ pa obì lórí ilẹ̀ náà pé Ayélàágbé ni yóò mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀ títí dé ibi tí òrùlé yóò gbé jókòó. Ní Ìdóṣẹ̀, obì tí ẹni méjì bá jọ pa báyẹn, májẹ̀mú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ilé amọ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Wọn a wa yẹpẹ, wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ pò ó, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a tún un pò. Lẹ́yìn náà ni wọn a mọ ìpele kan yí ilé po, tí kò ní ju orúnkún lọ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí oòrùn fa omi inú rẹ̀. Ìpele tí kò gbẹ kò lè ru èkejì. Nítorí náà, ọ̀mọlé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pẹ́ nílé ju bó ti ń pẹ́ lórí ògiri lọ. Àwọn ọ̀mọlé Ìdóṣẹ̀ sì ní àṣà kan: bí wọ́n bá mọ ìpele kan tán, wọn a ṣan ọwọ́, wọn a kó ọkọ́, wọn a bá tiwọn lọ láìsọ ohunkóhun fún onílé. Wọ́n gbà pé onílé tó bá ń bi ọ̀mọlé léèrè ọjọ́, ó ń fojú di í ni.

Ṣówándé kò mọ àṣà yìí. Lẹ́yìn ìpele kejì, ó ń lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní ọjọ́ keje ó gba ẹ̀bá oko Ayélàágbé kọjá, ó rí i tó ń kọ ebè. Inú bí i, kò béèrè, kò sì kí i. Ó lọ bá ọ̀mọlé mìíràn tó ń jẹ́ Kúyẹ̀, ará ìsàlẹ̀ odò, ẹni tó sọ pé òun lè parí ilé náà kí òjò tó dé. Lẹ́yìn náà ni ó ránṣẹ́ sí Ayélàágbé pé kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ dé orí ilẹ̀ òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ayélàágbé ní akínyẹmí ara. Ọ̀mọlé tí wọ́n bá lé kúrò nídìí ògiri ní Ìdóṣẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò máa wò bí ẹni pé ó ní àrùn. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ẹni méjì tó ti fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ ránṣẹ́ pé àwọn kò kọ́lé lọ́dún yìí mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ, oko nìkan ni yóò kù fún un, orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ yóò sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó gbéra, ó lọ sọ́dọ̀ Ẹfúnyẹmí, obìnrin tó ń da owó ẹyọ, òun ló bí ìyá àgbà mi. Ọ̀mọlé kì í sábà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí pé obìnrin tó fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan ni. Kí ó tó fọwọ́ kan owó rárá, ó ti béèrè irú ilẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ máa ń dára, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó. Ayélàágbé rò pé ó ń fi òun ṣeré. Nígbà tó yá, Ẹfúnyẹmí da owó sórí àtẹ, ó wò ó, ó tún un dà, ó wá gbé ojú sókè.

"Nígbà tí o fi ògiri sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí lo sọ fún onílé?"

"N kò sọ nǹkan kan, ìyá. Ta ló máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹni tí kò kọ́ ọ?"

"Ohun mìíràn tún wà tí o kò sọ. O mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ náà tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Kí ni?"

Ayélàágbé jẹ́wọ́. Nígbà tí ó ń wa ìpìlẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ rì ní igun tó kọjú sí odò. Kòtò ni ibẹ̀, tí àwọn ará àtijọ́ ti wa amọ̀ níbẹ̀ rí, tí wọ́n sì fi pàǹtí dí i. Ó kó òkúta sí i, ó gún un mọ́lẹ̀, ó bo ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ṣùgbọ́n irú igun bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ọjọ́ tí a ń fún àwọn igun yòókù ni a gbọdọ̀ fún un.

"Bí mo bá dákẹ́," ni ó wí, "ògiri yẹn ni yóò jẹ́rìí mi. Ọjọ́ tó bá wó, gbogbo ìlú á mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ nínú wa."

N kò ní purọ́ fún yín: bí ó bá jẹ́ èmi ni, ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́.

Ẹfúnyẹmí ní kí ó rú ẹyẹlé méjì, obì mẹ́rìndínlógún àti ìkòkò omi tútù. Ẹyẹlé àti obì kò le. Èyí tó le ni pé kí ó gbé omi náà lọ sórí ilẹ̀ Ṣówándé ní ọ̀sán gangan, kí ó dà á sílẹ̀, kí ó sì sọ ohun tó mọ̀ sétí onílé àti ẹni tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣépè, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó ẹyọ sọ pé ẹbọ ti onílé náà wà lọ́tọ̀: ẹyẹlé kan, àti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan igun náà.

"Ìyá, ẹ̀rí mi lẹ ní kí n fi rúbọ yẹn."

"Òun náà ni," ni Ẹfúnyẹmí dáhùn.

Ọjọ́ méjì kọjá, Ayélàágbé kò lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó rú ẹyẹlé àti obì, ó gbé omi, ó sì lọ ní ọ̀sán. Ó bá Ṣówándé lórí ìdúró, ìyá rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi, Kúyẹ̀ sì wà lórí ògiri. Ó da omi sílẹ̀. Kò fi ohunkóhun pamọ́: ìdí tí kò fi wá fún ọjọ́ mẹ́fà, kòtò tó wà lábẹ́ igun, àti ẹbọ tí wọ́n ní kí onílé rú. Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o wá ń fi kòtò dẹ́rù bà mí," ni ó wí. "Sọ fún ìyá oníẹyọ rẹ pé n kò ní ẹyẹlé tí mo fẹ́ fi bọ amọ̀."

Kúyẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ki igi bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun náà, igi sì wọlé wọ̀ọ̀. Ó rọra bi Ayélàágbé bí òkúta tó kó sí i ti pọ̀ tó, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bí ẹni tí kò sí ìjà láàárín wọn. Èyí ni ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Kúyẹ̀ wá sọ fún onílé pé òun yóò dúró fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni Ṣówándé lé òun náà. Ó kó àwọn aláàárù tó ń ru obì rẹ̀ jọ, wọ́n ń mọ igun náà lójoojúmọ́, ìpele tútù lórí ìpele tútù, títí òrùlé fi jókòó.

Ìyá wọ ilé. Yàrá igun yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ fún un, nítorí atẹ́gùn odò a máa fẹ́ wọbẹ̀. Arúgbó kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá fẹ́ sùn, a ká ẹní rẹ̀, a sì wọ́ ọ lọ sí yàrá tó wà ní òdìkejì ilé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò ńlá kẹta rọ̀ ní ọ̀sán, ní àkókò tí ìyá máa ń sùn. Igun náà rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, òrùlé sì tẹ̀ lé e. Ṣówándé sáré láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dúró wá ọkọ́. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa amọ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀, èékánná rẹ̀ ń ya. Bó ti ń wà á lọ ni ìyá jáde láti yàrá òdìkejì, ẹní ní abíyá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣówándé, dìde. N kò sí níbẹ̀. Ọ̀mọlé tí o lé ti sọ ibi tí n kò gbọdọ̀ sùn fún mi."

Ṣówándé kò lè dìde. Orí ìkúnlẹ̀ nínú amọ̀ ló ti sunkún.

Ní ọjọ́ kejì, kò ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí oko Ayélàágbé, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín ebè. Ayélàágbé gbà, ó kàn ní kí wọ́n pe Kúyẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì wó igun náà tán, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti parí ìpele kan, wọn a sọ iye ọjọ́ tó kù fún onílé. Gbogbo ọ̀mọlé Ìdóṣẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, amọ̀ kò sì gbẹ bọ̀rọ̀ lójò. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ti wó kò ṣeé gbé; yàrá tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ìyá náà wà ní gbogbo ìgbà yẹn, ibẹ̀ ló sì kú sí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ayélàágbé rú ẹbọ, ó rí iṣẹ́ ṣe títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ṣówándé fi ẹbọ ṣẹ̀sín. Ó ní ilé oníyàrá mẹ́jọ, kò ní ìyá tí yóò wọ̀ ọ́.