Bàtà Àwọn Oníjó Agẹrẹ

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ oníjó agẹrẹ kan láti Ẹ̀pẹ́ ń lọ jó nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀gá oníbodè dá bọ́ọ̀sì wọn dúró, ó nawọ́ sí àwọn igi gíga tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ jó, ó ní, "Pákó títà lèyí. Ẹ san owó bodè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kó o sílẹ̀." Owó oúnjẹ nìkan ló kù lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, akápò wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ jó. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá wa, ṣé ẹ máa ń gbowó bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ èèyàn?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín níṣojú gbogbo èrò: "Ta ló ń gbowó bàtà ẹsẹ̀? Ẹni tó bá wọ bàtà, kó máa kọjá lọ." Ni Ìbíyẹmí bá kọjú sáwọn oníjó: "Ó yá, ẹ wọ bàtà yín." Wọ́n gun orí bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó, wọ́n so igi mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì ń rìn bọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn. Èrò ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá gbójú sókè títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ o, òrùlé bodè wa ò ga tó bàtà yín."