Ilé Tí Ó Dí Ojú Fèrèsé

Oyèkànmí, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé. Yunifásítì tí ó ti kàwé ní kí ó wá fi apá tuntun kún gbọ̀ngàn ìkàwé àtijọ́ wọn. Àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn náà ṣe fèrèsé gàgàrà sí ìhà méjèèjì, kí atẹ́gùn máa gba ọ̀kan wọlé, kí ó máa gba èkejì jáde.

Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, ta ló máa purọ́ mọ́ ọn? Oòrùn ló ń tan iná apá tuntun yẹn, omi òjò ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ń yìn ín, orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò jókòó nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ rí. Ó ní ṣebí òun ti mọ ibẹ̀ tipẹ́.

Ní ọjọ́ ìṣílé, inú gbọ̀ngàn àtijọ́ ni wọ́n kó àlejò sí. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń làágùn. Ìyá àgbàlagbà tó kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́ wà níwájú. Ìwé tí wọ́n kọ ìyìn rẹ̀ sí ni ìyá náà ká, tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ṣe mẹ́rin, ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn fèrèsé. Wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ògiri apá tuntun tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá yunifásítì sì ń kéde pé àwọn ti ra ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ ńlá fún gbọ̀ngàn náà nítorí ooru. Ojú ti ọkùnrin yìí débi pé kò lè gbórí sókè.

Wọ́n pè é kó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí mọ́. Èmi ni mo dí atẹ́gùn yín. Yàrá àárín apá tuntun, tí ẹ fi orúkọ mi pè, ẹ jẹ́ ká wó o, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá.”

Oyèkànmí, èmi àbúrò bàbá rẹ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni o ti ń bọ́ ilé rẹ̀, o ṣeun. Ṣùgbọ́n lánàá, níṣojú mi, ọmọ rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá gba àyè. Bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ìwọ náà sì dá ọmọ lóhùn! Ojú tì mí nítorí rẹ. Dìde nísinsìnyí, lọ bá ọmọ náà, sọ fún un pé kó lọ bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kí o sì kúrò lójú fèrèsé.