Síńgílẹ́ẹ̀tì Ajàjàgbara

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ Íńdíà, Dínkà, ajàjàgbara tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, dá iná ńlá sójú ọjà.

"Ẹ ju gbogbo aṣọ òyìnbó síná! Èmi yóò fún yín ní aṣọ tí a fọwọ́ ara wa hun."

Kíá, àwọn èèyàn ti ń bọ́ṣọ, títí kan àwọn tí kò ní méjì. Godubáì, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ahunṣọ, rọra sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò."

Ló bá fa ọrùn ẹ̀wù Dínkà wálẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun báláú yọjú, àmì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá, òtútù ló ń mú mi."

"Òtútù kẹ̀? Aṣọ wa ló ń jó yìí. Bọ́ tìẹ sí i, kó o wá yáná!"